Ímeèlì Tó Kó Ẹṣin Tashtanbek Lọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Tashtanbek kó kárọ́ọ̀tì sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ kí ẹṣin rẹ̀ nílé ìwòsàn ẹran tó wà lẹ́yìn ọjà ìlú Karakol. Ilé ẹṣin ló bá, kò bá ẹṣin. Koríko wà nílẹ̀, omi kún garawa, ṣùgbọ́n Karager kò sí níbẹ̀.

Ẹṣin dúdú ni Karager. Gbogbo ẹni tó ń gbé létí adágún ńlá agbègbè náà ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ẹṣin ìlú Balykchy lọ́dún tó kọjá, ìdíje ti ọdún yìí sì ti sún mọ́lé. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ń dùn ún tí wọ́n fi gbé e wá fún ìtọ́jú.

Nígbà tí Zuura, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tí àgọ́ ọlọ́pàá rán wá, fi máa dé, Tashtanbek ti jókòó sórí garawa kan tó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó di fìlà funfun rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí ẹni tó wá síbi òkú.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ kẹ́yìn rí i?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Mo fọwọ́ pa á lọ́rùn tọ̀túntòsì, ara ẹ̀ dá ṣáṣá, àfi pátákò yẹn nìkan." Ó na ìka sí ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Má bi mí mọ́. Ìyẹn ni kó o bi. Òun ló fà á lé olè lọ́wọ́."

Aizat ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé, tó ń gba àlejò, tó sì ń dáhùn ímeèlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ímeèlì ló wọlé sí mi láàárọ̀ àná. Orúkọ Bàbá ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní dírẹ́bà kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé, kí n fa Karager lé e lọ́wọ́. Dírẹ́bà dé lóòótọ́, mo sì fà á lé e."

"Èmi?" Tashtanbek dìde. "Fóònù mi yìí, mi ò mọ̀ ju kí n fi pe èèyàn, kí n fi wo fídíò ẹṣin. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ímeèlì?"

"Fi hàn mí," Zuura sọ fún Aizat.

Aizat jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá ímeèlì náà lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó wá a láàárín àwọn èyí tí wọ́n ti sọ nù. Kò rí i. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

"Ó wà níbí lánàá. Mo búra." Ó wá rántí nǹkan kan. "Mo fi ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́ sínú fláàṣì. Wọ́n ti purọ́ mọ́ mi rí níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, látìgbà náà ni mo ti máa ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe. Fláàṣì yẹn wà nílé, lọ́wọ́ ìyá mi."

Olórí ilé ìwòsàn náà da tíì fún àwọn ọlọ́pàá tó wá mú Aizat, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ìyá rẹ̀ ti gbé fláàṣì náà dé, ó wé e sínú áńkáṣíìfù bí ẹni wé wúrà. Bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ kì í sú Zuura, ṣùgbọ́n òun àti kọ̀ǹpútà kì í ṣọ̀rẹ́. Ó ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni àmì tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, lẹ́yìn àmì náà ni lẹ́tà mẹ́ta: m, s, g.

Zuura tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà bi í pé ètò wo ló fẹ́ fi ṣí i.

"Èmi ni mo ń bi ẹ́," Zuura dá kọ̀ǹpútà lóhùn.

Ó yan èyí tó wà lókè. Ohun tó jáde kún ojú kọ̀ǹpútà bí ìgbẹ́ eku: àpótí kéékèèké, àmì ìbéèrè, lẹ́tà tí kò sí nínú èdè ẹ̀dá kankan. Ó tì í pa. Ó yan òmíràn. Ìyẹn ní òun kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tó ń jókòó nítòsí ní kó yí lẹ́tà mẹ́ta yẹn padà sí ti àwòrán, ó ní bóyá yóò gbà. Ó yí i. Kọ̀ǹpútà ní àwòrán náà kò ṣeé wò.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Aizat ní àtìmọ́lé. "Fáìlì rẹ kò ṣí."

"Ó ń ṣí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ìka fi ń dùn mí."

Aizat bú sẹ́kún, Zuura sì gòkè padà láìrí nǹkan kan mú bọ̀. Ó pe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Bishkek, olú ìlú. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, kó máa retí àwọn nínú oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Zuura, ọmọ yẹn ló fa ẹṣin jáde. Ó ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Kí lo tún ń wá? Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé ẹjọ́ ni mò ń gbé e lọ."

"Ọ̀gá, tí ímeèlì bá wà lóòótọ́ ńkọ́?"

"Ó dáa, kà á sí mi létí."

Kò rí nǹkan kan kà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà sí ilé ìwòsàn ẹran. Dókítà Rysbek, olórí ibẹ̀, ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́. Gbogbo àwọn elẹ́ran ìpínlẹ̀ náà ló ń fi orúkọ ọkùnrin yìí búra. Bí ẹṣin bá ti dùbúlẹ̀, òun ni wọ́n ń pè. Ó da tíì sínú abọ́ fún Zuura, ó sì ti abọ́ ṣúgà sún mọ́ ọn.

"Dókítà, ìgbà wo lẹ kẹ́yìn fọwọ́ kan Karager?"

"Ọjọ́bọ̀. Mo pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n fi di pátákò ẹ̀. Ní ìdájí Sátidé, mo ti forí lé Balykchy fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àárọ̀ àná ni mo dé, ni mo bá pàdé ìròyìn burúkú yìí." Ó mi orí. "Ọmọ dáadáa ni Aizat. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lórí."

"Ó ní ẹ̀rí òun wà nínú fláàṣì. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ló kọ̀ tí kò ṣí, ó sì ti fẹ́ sọ mí di wèrè."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn fáìlì onílẹ́tà m, s, g yẹn, wọ́n tètè máa ń bàjẹ́. Àwa ò tiẹ̀ ní ètò tó ń ṣí irú ẹ̀ níbí. Orí ìkànnì la ti ń ka tiwa. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́, màdáámú."

Zuura mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó jáde. Inú ń bí i dé ibi pé kò fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ohun tí ọkùnrin náà sọ.

Mambet, baba tó ń bọ́ ẹran níbẹ̀, ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Bàbá Mambet, ẹ rí àjèjì kankan níbí lópin ọ̀sẹ̀?"

"Kò sí. Mo lọ gbé koríko wá láàárọ̀ Sátidé. Oòrùn ti ràn dáadáa kí n tó kúrò, ọkọ̀ dókítà ṣì wà níta. Nígbà tí mo padà dé, kò sí ẹnìkan. Karager nìkan ni mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ó sorí kọ́, kò fẹnu kan koríko. Mo ní ilé ló ń rò."

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn, ọmọ mi. Sùn ni mo sùn."

Ẹni tó kù ni Ermek, ọmọ àbúrò Tashtanbek. Àwọn méjèèjì ti jà lórí Karager; Ermek ní òun lòun kọ́ ẹṣin náà ní eré sísá, bàbá náà sì gba gbogbo ògo. Ermek ní ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ọ̀hún sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Zuura bá a ní àgbàlá rẹ̀, ó ń jẹ sáḿsà, ìpápánu ẹlẹ́ran tí ọ̀rá ń kán láti inú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ni Ermek wí. "Màdáámú, ẹ wo ọkọ̀ mi. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn tí adìẹ ń sùn lé. Tí mo bá fẹ́ fi jí Karager, Karager ló máa fà á lọ."

Zuura wo ẹ́ńjìnnì, ó wo adìẹ. Adìẹ náà kò tilẹ̀ dìde.

"Ìwọ kò ha bínú sí bàbá rẹ ni?"

"Mo bínú sí i. Mi ò bínú sí ẹṣin."

Láti ibẹ̀, Zuura gba ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó fi ahọ́n lu òkè ẹnu.

"Vírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n nù ún mọ́ fún yín, á dà bí tuntun."

"Kí ló máa ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ tó o bá nù ún tán?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó máa mọ́ tónítóní."

Zuura já fláàṣì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nígbà tó jáde síta, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì rí i pé òun fẹ́ sunkún. Ọmọ kan ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì ní àtìmọ́lé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tó lè yọ ọ́ wà nínú àtẹ́lẹwọ́ òun, nínú nǹkan tí kò tó ìka, òun kò sì lè kà á.

Lọ́jọ́rú, ó gbé tíì àti búrẹ́dì lọ fún Aizat. Kò bi í ní ìbéèrè ọlọ́pàá mọ́.

"Gbàgbé pé mo jẹ́ ọlọ́pàá. Ṣe bí ẹni pé ìyá àgbà rẹ ni mí, mi ò sì rí kọ̀ǹpútà rí. Ímeèlì yẹn wà lójú kọ̀ǹpútà. Kí lo wá ṣe?"

"Mo dì í mú, mo wọ́ ọ jáde, mo jù ú sínú fláàṣì."

"Jáde láti inú kí ni?"

Aizat wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò já mọ́ nǹkan kan. "Láti inú ètò ímeèlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wa. Èyí tí àpòòwé aláwọ̀ aró wà lára àmì ẹ̀. Kò sí lórí fóònù mi, kò sì sí nílé wa. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni mo ti ń lò ó."

Zuura gbé abọ́ tíì rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe fáìlì náà. Kò bàjẹ́, vírọ́ọ̀sì kò sì jẹ ẹ́. Ètò tó bí i nìkan ló mọ ojú rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tí òun sì ti ń gbé e kiri kò ní ètò náà. Ilé ìwòsàn ẹran ló ní in. Dókítà sì ní àwọn kò ní in.

Ó wa ọkọ̀ débẹ̀ láìdúró. Dókítà ti jáde lọ sí oko ẹnìkan, Mambet ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Aizat, ó wá àpòòwé aláwọ̀ aró títí. Kò sí. Ó pe ọ̀dọ́ ọlọ́pàá rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn sì ń tọ́ ọ sọ́nà, tẹ ibí, tẹ ọ̀hún, títí ó fi dé ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìròyìn ohun tí wọ́n bá yọ kúrò nínú rẹ̀. Ètò ímeèlì náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aizat wà ní àtìmọ́lé.

Àwọn òyìnbó tó ń gun òkè máa ń sọ̀ sí ilé ìtura kan lójú pópó. Saikal, ìyá tó ni ibẹ̀, máa ń fi ímeèlì bá àwọn tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Zuura wọlé tọ̀ ọ́, kò sì kí i tán tó fi yọjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àpòòwé aláwọ̀ aró wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Mo fẹ́ yá kọ̀ǹpútà yìí lò."

"Ṣé kò sí ní àgọ́ yín ni?"

"Má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, Saikal."

Ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì náà ṣí.

Kò pariwo, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Zuura jókòó, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun gbé kọ̀ǹpútà náà lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kà á.

"Aizat, èmi Tashtanbek ni. Dírẹ́bà kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé. Fa Karager lé e lọ́wọ́. Sọ fún un kó má jẹ́ kí okùn kan ọrùn ẹṣin náà lápá òsì, ibi tó wú yẹn ń dùn ún. Apá ọ̀tún ni kó ti mú un. Kó sì rọra wakọ̀."

Orúkọ Tashtanbek ló wà lókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ àdàlù lẹ́tà àti nọ́ńbà, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Zuura kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ dúró lórí ọrùn tó wú.

Ó pe Tashtanbek. "Bàbá, ṣé nǹkan kan ṣe ọrùn Karager?"

"Ọrùn kẹ̀? Pátákò ni mo sọ fún ẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí gbogbo wọn pàdé òun ní ilé ìwòsàn ẹran. Tashtanbek wá, Ermek wá, Mambet dúró ti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Dókítà Rysbek jókòó sẹ́yìn tábìlì. Zuura ti mú Aizat wá láti àtìmọ́lé, irun rẹ̀ kò sì rí kóòmù láti ọjọ́ Ajé.

Zuura ka ímeèlì náà sí wọn létí. Nígbà tó kà dé ibi ọrùn, ó dúró.

"Aizat, ṣé o rí ibi tó wú yìí?"

"Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un. Ó tó ẹ̀kúnwọ́ mi. Mo rò pé ara ìtọ́jú ni. Kí ímeèlì yẹn tó dé, mi ò mọ̀ ọ́n, n kì í wọ ilé ẹṣin."

"Bàbá Tashtanbek fọwọ́ pa ọrùn yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, kò wú. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Mambet rí i pé ẹṣin náà sorí kọ́, kò jẹun. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó kọ ímeèlì yìí mọ̀ nípa ẹ̀. Bàbá ò mọ̀. Ermek ò sí níbí." Ó yíjú. "Dókítà, ẹ ní ẹ ti forí lé Balykchy ní ìdájí Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oòrùn ti ràn, ọkọ̀ yín ṣì wà níta. Bàbá Mambet rí i."

Mambet wo ilẹ̀. "Mo rí i, dókítà. Mi ò mọ̀ pé ó tó nǹkan."

"Màdáámú, èèyàn lè pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde," ni Rysbek wí. "Ìyẹn ò sọ mí di olè."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sọ fún yín pé ohun tó wà nínú fláàṣì ò ṣí. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ m, s, g fún mi. Èmi ò dárúkọ ẹ̀. Ẹ tún ní ẹ ò ní ètò tó ń ṣí i níbí. Ó wà níbí nígbà tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yọ ọ́. Aizat wà lọ́dọ̀ mi. Ta ló kù tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí, tó sì mọ kọ̀ǹpútà lò?"

Ermek rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà.

"Ẹ kọ ímeèlì yẹn dáadáa," ni Zuura wí. "Tó bá jẹ́ pé ẹ dákẹ́ nípa ọrùn yẹn ni, ǹ bá má rí yín mú. Ẹ ò fẹ́ kí okùn dun ẹṣin náà."

Rysbek bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kí n tó lọ. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí oògùn yẹn wọ̀. Mo ń kánjú. Ẹṣin náà mira, abẹ́rẹ́ yọ kúrò nínú iṣan, oògùn dà sínú ẹran ara ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọrùn yẹn máa jẹrà, pé kò ní sáré lọ́dún yìí. Bóyá kò ní sáré mọ́ láé." Kò lè wo Tashtanbek. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ orúkọ yìí. Kí wọ́n wá máa sọ létí adágún pé Rysbek ló ba Karager jẹ́. Láti ibi ìgbéyàwó ni mo ti wá dírẹ́bà, mo purọ́ fún un pé ẹni tó ni ẹṣin ló rán mi. Mo ní kí n tọ́jú ẹ̀ níkọ̀kọ̀ títí ọgbẹ́ á fi jiná, lẹ́yìn náà wọn a kàn rí i nínú pápá. Mo pa ímeèlì yẹn rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mi ò mọ̀ pé ó ní ẹ̀dà."

"Èmi ńkọ́?" Aizat ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe fún mi?"

"Mo rò pé wọ́n á ní àṣìṣe lo ṣe. Pé wọ́n á bá ẹ wí."

"Ẹ da tíì fún àwọn tó wá mú mi. Mo rí yín."

Tashtanbek ti dìde. Gbogbo wọn rò pé yóò gbá dókítà lójú, Zuura pàápàá sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, Rysbek. Màá bú ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, èmi náà ni màá mú aṣọ wá fún ẹ láti di ọgbẹ́ ẹ̀. Ẹṣin ni. Ẹṣin máa ń ṣèṣe. Níbo ló wà?"

Ọgbà àna dókítà ló wà, ní abúlé kan lójú ọ̀nà òkè. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Karager dúró lábẹ́ igi eléso ápúrìkọ́ọ̀tì, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọrùn rẹ̀ láìsí àléébù kankan. Ó fi etí gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín, ó sì sún mọ́ ọn ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tashtanbek gbé iwájú orí lé iwájú orí rẹ̀. Ermek yíjú sẹ́yìn, ó ń wo òkè.

Zuura mú Rysbek lọ sí àgọ́, níbi tí wọ́n ti dá Aizat padà sí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó tẹ ímeèlì náà sórí bébà fún ilé ẹjọ́, kí ó sì fi fáìlì gan-an sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kí àwọn adájọ́ lè ṣí i. Zuura wò ó títí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ó sì jáde lọ tú Aizat sílẹ̀ ná.

Ìyá Aizat ti gbé ọkọ̀ dúró síwájú àgọ́. Tashtanbek náà wà níbẹ̀, eruku ọ̀nà òkè ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Nígbà tó rí ọmọbìnrin náà, ó bọ́ fìlà, ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Aizat ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ láàárín wọn.

Aizat dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó ti ń jẹun," ni Tashtanbek dáhùn.

Ó mi orí, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ọkọ̀ náà lọ. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, Zuura sì jẹ́ kí ó dúró.